Àlàfo Ọjọ́ Kẹtàdínlógún

Kò sí yàrá ìdánwò nílé ìwé wa ní Ìlàjẹ-Bàrígà.
Kọ́bọ́ọ̀dù kan ló wà, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti sọnù kí n tó dé.
Bí a bá mì í, nǹkan a máa dún ṣaworo nínú rẹ̀.
Àwọn ọmọ ní ìgò ni. Mo ní, "Ẹ ti rí i?"
Wọ́n ní rárá. "Ó dáa, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ó ń dún."

Ọ̀sà ni mo wá sọ di yàrá ìdánwò.
Mo fún Bọ́sẹ̀dé Orímisàn ní ọ̀pá ọparun,
a fi ọ̀dà pupa fàlà sí i lára, ìka kan sí ìka kan,
bàbá rẹ̀ rì í mọ́ ẹrẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó ilé wọn.
"Ìgbà wo ni omi ń kún jù lójúmọ́?
Kọ ọ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́. Má bi mí. Omi ni kí o bi."

Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, ẹ̀ bá ti bi mí.
Omi kì í kún lásìkò kan náà lọ́jọ́ méjì.
Òṣùpá ló ń pè é, òṣùpá sì ń pẹ́ sí i lálaalẹ́."
Mo ní mo gbà. Ìṣẹ́jú mélòó ló fi ń pẹ́?
Ó wo ọ̀sà. Ó tú kókó kan lára àwọ̀n.
Kò kà á rí.

Bí ọmọ bá wà ní kíláàsì, ìyá àgbà ló ń ṣọ́ ọ̀pá,
ìyá tí kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n tó mọ rédíò:
"Lánàá, ìkéde òkú ni wọ́n ń ṣe lọ́wọ́ tí omi fi dúró.
Lónìí, wọ́n ti parí òkú, wọ́n ti bọ́ sórí bọ́ọ̀lù."
Bọ́sẹ̀dé á wádìí aago bọ́ọ̀lù, á kọ ọ́.
Nọ́ńbà ń tò lórí páálí bí èèrà:
àádọ́ta ìṣẹ́jú, ó lé díẹ̀, ó dín díẹ̀,
àfi ọjọ́ kẹtàdínlógún.

Ibà gbé ìyá àgbà ṣánlẹ̀.
Gbogbo ilé sùn sí ọsibítù ní Gbàgádà.
Ọ̀pá nìkan ló dúró de omi.

Jẹ́lílì, tó mọ ìṣirò jù wá lọ, ní, "Ẹ kọ nǹkan sí i.
A mọ ti àná rẹ̀, a mọ ti ọ̀la rẹ̀.
Ẹni tó rí orí ẹja, tó rí ìrù,
ṣé kò mọ ibi tí ikùn wà ni?"
Ọ̀rọ̀ náà dùn. Mo ti mú kálàmù.
Bọ́sẹ̀dé ní, "Ta ló rí i?"

Ta ló rí i.
Ó gbé mi padà sí gbọ̀ngàn ìdánwò kan ní Yábàá:
òkúta lórí okùn, ká fì í, ká kà á,
ṣùgbọ́n okùn ò kárí, aago ti kú.
Tíṣà wa ti ilẹ̀kùn, ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́,
a sì kọ ohun tó sọ. Ogójì ọmọ, iye kan náà,
bí ẹni pé ojú kan ṣoṣo la jọ ní.
Mo yege. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi ní ṣọ́ọ̀ṣì.
Títí dòní, n kò tíì fi ọwọ́ ara mi fi òkúta yẹn.

Mo gbé kálàmù sílẹ̀.
Mo ní ẹni tó bá fẹ́ méfò, ṣọ́ọ̀kì nìyí, bọ́ọ̀dù nìyí,
kó pe àbá ní àbá.
Ẹ má fọwọ́ kan páálí.

Ìyá àgbà délé. Ó béèrè ọ̀pá kó tó béèrè oúnjẹ.

Nígbà tí obìnrin ìjọba dé láti Aláúsá,
ó fìka sí àlàfo náà. "Kí ló dé tí ibí ṣófo?
Ẹ bá mi dí i, mo fẹ́ ya fọ́tò."
Bọ́sẹ̀dé dìde, ó káwọ́ sẹ́yìn.
"Mà, omi kún lọ́jọ́ náà.
Àwa ni a ò sí níbẹ̀."